Bàbá Mi, Ẹ Ta Ọkọ̀ Yẹn

Hull, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ṣé ara yín le? Màmá mi ńkọ́, ṣé wọ́n rí oorun sùn lẹ́yìn tí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́jọ́ Ẹtì? Òtútù ibí ti dé góńgó. Nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí mo bá ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù fún àwọn bàbá ibẹ̀, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí.

Mo mọ̀ pé ẹ kì í gbọ́ fóònù dáadáa mọ́, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Kí màmá mi gbé fóònù wọn fún yín kí ẹ fúnra yín kà á. Tí ẹ bá ti kọ èsì sórí bébà, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Fọláwẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Magboro sọ fún mi pé ẹ fi ọkọ̀ gbé òun ní Ibafo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní tírélà kan ń fọn fèrè lẹ́yìn yín, ó ń tan iná, ẹ ò sì yà fún un. Ó ní ìgbà tí màmá mi fọwọ́ gbá yín nítan lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó ní òun ò mí délẹ̀ títí òun fi bọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ta ọkọ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ó dára. Ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀ á ní ọdún tó kọjá lẹ rà á. Ọkọ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, etí yín ni. Ẹ̀rọ tí mo fi ránṣẹ́ pé kí ẹ máa fi sétí, ṣé ẹ ń lò ó? Ẹ ta ọkọ̀ náà nígbà tí iyì rẹ̀ ṣì wà. Èmi ni màá máa san owó ọkọ̀ tí á máa gbé màmá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù.

Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín,
Adéṣọlá


Mowe
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, 2025

Adéṣọlá ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ. Ara mi le, ìyá rẹ náà ń gbìyànjú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù ilẹ̀ àjèjì wọ ọ́ léegun.

Bá mi kí Fọláwẹ̀mí. Mo gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọpẹ́ tó rí dá ni pé ó ròyìn mi dé ìlú òyìnbó.

O ní kí n ta ọkọ̀. Ọdún tí o wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ra Kòrólà yìí. Ìwọ lo kọ́kọ́ bì sínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sí oṣù tí mi ò yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò, òjò kì í pa á mọ́jú, abẹ́ tapólì ló ń sùn. Sàhéèdì, mẹ́káníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Asese, máa ń pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ wá wò ó, pé bó ṣe yẹ kí ọkọ̀ rí nìyí. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í pariwo. Mo mọ̀ pé wàá béèrè pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láàárọ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá ibà ń ṣe ọmọ. Bó ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi ti tó mi.

Ẹ̀rọ etí tó o fi ránṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀. Bí mo bá fi sétí, ńṣe ló dà bíi pé mo ti padà sí ilé iṣẹ́ tí a ti ń la pákó, níbi tí etí yìí ti bàjẹ́. Fèrè ọkọ̀, igbe ewúrẹ́, ohùn ìyá rẹ, bákan náà ni gbogbo wọn ń ya lu ara wọn. Ojú la fi ń wakọ̀, ojú mi sì mọ́ kedere.

Ìwọ ronú sí i. Nígbà tí ìyá rẹ bá kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, kò ní okun tí á fi dúró. Ṣé inú bọ́ọ̀sì tí èèyàn ti ń fún ara wọn pọ̀ ni kí n jù ú sí? Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ èèyàn.

N kò tà á. Má jẹ́ ká tún sọ ọ́ mọ́.

Bàbá rẹ,
Ṣàràfá Adéyẹ́misí


Hull
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú màmá mi. Ọlọ́run á máa fún yín lágbára ṣe é.

Ẹ ní ká má sọ ọ́ mọ́, àmọ́ mi ò lè ṣe kí n má sọ ọ́. Ẹ ní ojú la fi ń wakọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ńkọ́, ẹni tó wà níbi tí dígí ò dé? Òun fọn fèrè nítorí ó rò pé ẹ gbọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Gbogbo ayé rò pé ẹ gbọ́.

Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ wa tí àwọn ọmọ rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní báyìí, òun àtàwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ jọ ń ta ayò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ bínú sí mi títí tí á fi tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ṣáà wà láàyè.

Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Lukman lorúkọ rẹ̀, àbúrò ọkọ Fọláwẹ̀mí ni, ó ní ọkọ̀ tirẹ̀. Á máa gbé màmá mi lọ, á máa gbé wọn bọ̀. Mo ti san owó ìbẹ̀rẹ̀ fún un.

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè wálé báyìí. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba ibí, tí mo bá jáde kí wọ́n tó fún mi ní tuntun, mi ò lè wọlé mọ́, iṣẹ́ tí a fi ń san owó ilé ìwòsàn náà á sì lọ. Ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mi ò ní lè wá fojú rí.

Ọmọ yín,
Adéṣọlá


Mowe
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin, 2025

Adéṣọlá,

O kú ọdún ààwẹ̀ tó kọjá. Má rò pé ààwẹ̀ ló dí mi lọ́wọ́ láti fèsì. Inú ló bí mi. O fi mí wé òyìnbó tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, mo gbọ́ tìrẹ. Mo da tapólì bo ọkọ̀, mo jẹ́ kí Lukman máa gbé ìyá rẹ. Ó kọ́kọ́ ń ṣe dáadáa. Ó máa ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó máa ń di ìyá rẹ lápá mú wọ ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó dé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó já ìyá rẹ sílẹ̀ ní Ṣàgámù láàárọ̀, ó sì wá èrò lọ. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ tán, wọ́n ní kó máa lọ, Lukman kò sí níbẹ̀. Fóònù ìyá rẹ ti kú. Oòrùn ń mú ganrínganrín. Èmi wà nílé, mo ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo kírun àsárì tán tí mi ò rí wọn, mo ká tapólì kúrò lórí ọkọ̀, mo sì wà á lọ fúnra mi.

Mo bá ìyá rẹ lẹ́yìn géètì ilé ìwòsàn, ó jókòó sórí bulọ́ọ̀kù. Ó ti bì sára aṣọ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta omi ló bu omi sí i lórí. Ìborí rẹ̀ ti já bọ́, ìyá rẹ tí kì í jẹ́ kí irun rẹ̀ hàn níta. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ ti dé?" Mo gbé e sínú ọkọ̀.

Nígbà tí Lukman wá bẹ̀ mí, ó ní èrò ló gbé òun dé Ìjẹ̀bú, pé òun rò pé wọn ò ní tètè ṣe tán. Mo ní kó máa lọ.

Èmi ni mò ń gbé e láti ìgbà náà. Ìyá rẹ ni etí mi nínú ọkọ̀. Bí fèrè bá dún, á fọwọ́ tẹ itan mi, bó bá jẹ́ tírélà, á tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo ń tọ̀, n kì í sáré. Ọkùnrin kan láti Ifọ rí ọkọ̀ náà lọ́dọ̀ Sàhéèdì, ó tẹ̀ lé mi délé pé kí n tà á fún òun. Mo ní kì í ṣe títà.

Bó o bá fẹ́ kí n tà á, wá sọ ẹni tí á gbé ìyá rẹ fún mi. Kí ẹni náà jẹ́ ẹni tí kò ní fi í sílẹ̀ sínú oòrùn.

Bàbá rẹ,
Ṣàràfá


Hull
Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, 2025

Bàbá mi,

Mo ka ìwé yín nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, mo sì kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀. Ẹ bá mi bẹ màmá mi. Èmi ni mo wá Lukman.

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Mi ò rí ẹni tí mo lè dárúkọ fún yín. Ẹ má tà á. Mo gbà. Ẹ máa wà á lọ, àmọ́ ẹ má wà á láìsí màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má sì wà á nínú òjò. Kí ẹ máa dúró kí ọ̀nà dá pátápátá kí ẹ tó yà.

Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Ẹ máa fàdúrà ràn mí lọ́wọ́.

Ọmọ yín tó ń tọrọ àforíjì,
Adéṣọlá


Hull
Ọjọ́ kẹfà oṣù keje, 2025

Bàbá mi, màmá mi,

Mo kí yín títí, ẹ ò dá mi lóhùn. Fóònù màmá mi ń dún, wọn ò gbé e. Mo bi Fọláwẹ̀mí bóyá ó rí yín. Ó ní kí n ṣáà máa pe ilé. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ni mo ti máa gbọ́ ọ.

Ta ló kú? Ẹ kàn kọ ìyẹn nìkan fún mi, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Adéṣọlá


Mowe
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje, 2025

Adéṣọlá ọmọ mi,

Ìyá rẹ wà láàyè. Èmi náà wà láàyè. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Mo fi ọkọ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀nà Ṣàgámù la ti ń bọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ tán. Òjò ti rọ̀, ó ti dá. Nígbà tí a kọjá Asese, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí i pé ó ti sùn, ó gbé orí ti fèrèsé. Kì í sùn nínú ọkọ̀. Mo rò ó pé kí n jí i. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní ilé ti kù díẹ̀.

Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń yà kúrò ní títì ńlá wọ Mowe, mo tan iná, mo wo dígí, mi ò rí nǹkan kan. Mo yà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ kàn mì díẹ̀ lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí táyà gun òkúta. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń sáré bọ̀, tí wọ́n lanu. Ìyá rẹ ti jí, òun náà lanu. Èmi nìkan ló wà nínú ìdákẹ́rọ́rọ́.

Ọlọ́kadà ni, Jẹ̀lílì lorúkọ rẹ̀. Kò gbé èrò. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó fọn fèrè títí, pé ó rò pé mo rí òun.

Wọ́n fẹ́ sun ọkọ̀ náà. Ẹnì kan ti gbé epo dé. Ìyá rẹ, tí kò ní okun tí á fi dúró, ló bọ́ sílẹ̀, ó dúró sí iwájú ọkọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ohun tó wí fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yìí sínú rẹ̀ ká gbé e dé ilé ìwòsàn ná. Bí ẹ bá padà dé, kí ẹ sun ún, kí ẹ sun èmi náà mọ́ ọn."

Ọkùnrin kan gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó wà wá lọ. Èmi àti Jẹ̀lílì wà lẹ́yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Adéṣọlá, ọmọ náà ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó di ọwọ́ ẹ̀wù mi mú, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń wo ojú mi bíi pé ó ń retí kí n fèsì. Mo tẹ etí mi mọ́ ọn lẹ́nu, mi ò gbọ́. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi gbọ́ ọ. Ó yíjú padà láti iwájú, ariwo fèrè tí ọkùnrin yẹn ń fọn kò jẹ́ kó gbọ́. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, ó ti dákẹ́. Ohun tó sọ kẹ́yìn láyé, etí tèmi ló sọ ọ́ sí.

Ó níyàwó. Ìbíwùnmí ni wọ́n ń pe ìyàwó náà, ó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń wò mí, ó ń sọ̀rọ̀, mo sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ọlọ́pàá kan ló ní kí n má wulẹ̀ bi í pé kí ló ń sọ.

Àwọn ará àdúgbò dúró fún mi, wọ́n jẹ́ kí n máa lọ sílé nítorí ọjọ́ orí mi, àmọ́ ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ìyá rẹ ní òun ló jẹ̀bi nítorí òun sùn. Mo sọ fún un pé bó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, mi ò ní jẹun nílé yìí mọ́. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sùn kẹ̀? Ẹni tó ń ṣàìsàn.

Má ṣe kọ̀wé sí mi pé o ti sọ fún mi. Mo mọ̀.

Bàbá rẹ


Hull
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, 2025

Bàbá mi,

Mi ò ní kọ ọ́. Ní oṣù karùn-ún, èmi ni mo ní kí ẹ má tà á. Mi ò lè fi bíbélì tàbí kùránì búra pé mi ò mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn rò pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀ wálé. Kí ìwé wọn wà lọ́wọ́ wọn. Èmi ni màá jókòó ti màmá mi nínú bọ́ọ̀sì, èmi ni màá lọ kúnlẹ̀ fún àwọn òbí Jẹ̀lílì. Kí ni mò ń ṣe níbí tí mò ń wẹ bàbá àwọn ẹlòmíì?

Ẹ kàn sọ pé kí n máa bọ̀.

Adéṣọlá


Mowe
Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, 2025

Adéṣọlá ọmọ mi,

Má bọ̀. Ọjọ́ tó o bá dé, ọjọ́ náà ni owó ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ tán. Àwọn bàbá tó ò ń wẹ̀ yẹn ló ń mú un wà láàyè. Wẹ̀ wọ́n dáadáa.

Mo lọ sí Ibogun. Ibẹ̀ ni bàbá Jẹ̀lílì ń gbé, Ògúnkànmí lorúkọ rẹ̀, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé gíga tó wà níbẹ̀. Èmi àti lèmọ́ọ̀mù wa la jọ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọkùnrin tí mo ṣe ẹ̀gbọ́n fún, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì fà mí dìde. Lèmọ́ọ̀mù ń sọ ohun tó ń wí sí mi létí. Ó ní, "Kádàrá ọmọ mi ni. A ò gba díyà, a ò gba owó ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ máa lọ, kí Ọlọ́run má tún fi irú rẹ̀ dán wa wò."

Ìgbà náà ni Ìbíwùnmí jáde láti inú yàrá. Ó pọn ọmọ náà. Ó dúró sí iwájú mi gan-an, ó rọra ń sọ ọ́ kí n lè máa rí ẹnu rẹ̀: "Bàbá lè yọ̀ǹda tiwọn, àwọn ló bí i. Èmi ò yọ̀ǹda. Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ò yọ̀ǹda." Àna rẹ̀ fẹ́ bá a wí. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi í sílẹ̀. Òun nìkan ló sọ ohun tí mo lè gbé délé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí bàbá Jẹ̀lílì ní òun ò ṣẹjọ́, ọlọ́pàá pa ọ̀rọ̀ náà tì, wọ́n sì dá ọkọ̀ padà. Mo ránṣẹ́ sí ọkùnrin Ifọ yẹn. Mo sọ ohun tí ọkọ̀ náà ṣe fún un kó tó mú owó jáde. Ó ní irin ni, kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó yí i ká, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní òun ò rí ọkọ̀ tí wọ́n tọ́jú tó báyìí rí. Inú mi dùn nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí pé inú mi lè dùn. Gbogbo owó náà ni mo gbé fún Ìbíwùnmí lójú lèmọ́ọ̀mù. Ó kà á, ó dì í sínú aṣọ, kò kí mi.

Òní ni mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ oṣù méjì tí Ọlọ́run pa láṣẹ fún ẹni tó bá ṣèèṣì pààyàn. Kò gbọdọ̀ já. Bó bá já, màá tún un bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ń háyà ló ń gbé ìyá rẹ báyìí. Nígbà mìíràn, a máa ń rí i.

Bàbá rẹ,
Ṣàràfá


Mowe
Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, 2025

Ṣọlá mi,

Màmá rẹ ló ń kọ eléyìí fúnra rẹ̀, fojú fo àwọn àṣìkọ. Ṣé o ń jẹun? Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, ọrùn rẹ ti gùn jù.

Bàbá rẹ kì í sọ ọ́ fún ọ tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ sí Ṣàgámù. Lọ́sẹ̀ yìí, mi ò lọ rárá. Kì í ṣe owó. Kí a tó rí ọkọ̀, á ti rẹ̀ mí. Kí a tó débẹ̀, wọ́n á ti gbé ẹlòmíì sẹ́nu ẹ̀rọ. Bàbá rẹ á máa bẹ wọ́n, wọ́n á máa dá a lóhùn, kò ní gbọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Mi ò fẹ́ máa wò ó mọ́.

Ó ti rù. Ó ń jí sáárì, ó ń gbààwẹ̀, ó tún ń fọ aṣọ mi. Mo ní kó jẹ́ kí n sinmi nílé. Mo ní bí ẹsẹ̀ mi tó wú bá ti lọ sílẹ̀, a ó máa lọ.

Má bá a jà lórí ọkọ̀ tó tà. Èmi ni mo ní kó má ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù nínú rẹ̀. Ọmọ yẹn di ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo rí i.

Má sunkún níbi iṣẹ́. Àwọn èèyàn á rò pé àwọn ló ṣe ọ́.

Màmá rẹ,
Àjíbíkẹ́


Hull
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, 2025

Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Mo ti bá Lukman sọ̀rọ̀, ó ti bẹ̀ mí, ó ní òun á dúró tì yín níbẹ̀ láti àárọ̀ títí tí wọ́n á fi ṣe tán. Ẹ má wo ti bàbá mi, ẹ wo tèmi. Ẹ lọ lọ́la.

Ṣọlá


Mowe
Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, 2025

Adéṣọlá ọmọ mi,

O ti gbọ́ lẹ́nu Fọláwẹ̀mí. Èmi ni mo ní kó pè ọ́, nítorí mi ò lè gbọ́ igbe rẹ nínú fóònù, mi ò sì fẹ́ kí o máa ké sí etí tí kò gbọ́. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ ìyókù.

Ìyá rẹ lọ bó o ṣe bẹ̀ ẹ́. Lukman ṣe ohun tó ṣèlérí. Ó dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó gbé e pọ̀n lọ sínú ọkọ̀, kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ náà déédéé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ sì ń bọ̀ sípò. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a tún ń lọ. Tírélà kan ti ṣubú dí ọ̀nà ní Asese. Ọkọ̀ ò lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Oòrùn là, ó mú, a wà lójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí sókè. Lukman sọ̀kalẹ̀, ó ń sáré bẹ àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n sún. Orí apá mi ló kú sí.

Má rò ó pé ká ní Kòrólà ṣì wà ni. Ọ̀nà ló dí, Kòrólà kì í fò. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ọ: àwọn ọjọ́ tí kò lọ nínú oṣù kẹwàá ló mú okun rẹ̀ lọ. Èmi ò mọ bí mo ṣe lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ìwọ náà má gbìyànjú rẹ̀.

A sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn èèyàn ní kí n já ààwẹ̀ kí n lè rí okun. Mi ò já a. Ó parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lánàá ni mo tó jẹun lọ́sàn-án, èmi nìkan.

Lónìí, tó jẹ́ ọjọ́ kẹta tí a sin ín, bí àwọn tó wá kí mi ti tú ká, Ìbíwùnmí wọlé. Láti Ibogun ló ti wá, òun àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dìde. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó wá dúró níbi tí mo ti lè rí ẹnu rẹ̀, bó ṣe ṣe níjọ́sí. Ó ní, "Bàbá, mi ò tíì dárí jì yín. Mo kàn wá kí yín ni. Mo mọ bí ilé ṣe máa ń rí."

Mo ní kò burú. Mo ní kó jókòó.

Ó jókòó. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní wọ́n gbé oúnjẹ wá, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ó dìde, ó bu méjì, ó gbé ọ̀kan fún mi. A jẹ ẹ́. Oorun ń kun ọmọ náà. Ó wò yíká fún ibi tó lè tẹ́ ẹ sí, mo sì nawọ́ sí orí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ. Ó gbé e síbẹ̀, ó fi aṣọ bò ó.

Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ọmọ náà ń sùn. Òun náà ti sùn lórí àga. Nígbà tí wọ́n bá jí, màá ní kó bá mi ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ, torí kò sí ẹni tí á bá mi yà á mọ́.

Bàbá rẹ,
Ṣàràfá Adéyẹ́misí